Lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ tó lé orin kúrò ní ilé-ìwé àwọn ọmọ wa

Sí Alága àti gbogbo ọmọ Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Ilé-ìwé,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ̀yin àgbà wa. Ẹ má bínú pé ojú gbogbo ayé ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ̀wé sí yín ní kọ̀rọ̀. Ẹ ò fèsì sí àkọ́kọ́. Nígbà tí mo kọ èkejì, akọ̀wé yín ní ìwé mi ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀. Ẹni tó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì tí wọn ò ṣí fún un, ó kù kó gbóhùn sókè látìta.

Fún ẹni tó ń kà á tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: nígbà tí sáà tó kọjá ń parí lọ, ìgbìmọ̀ fi ìwé rán àwọn ọmọ sí àwa òbí. Wọ́n ní láti sáà tó ń bọ̀, ẹ̀kọ́ orin ti dópin ní gbogbo kíláàsì. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ogójì ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan á bọ́ sọ́wọ́ ìṣirò, èkejì á bọ́ sọ́wọ́ sáyẹ́ǹsì. Yàrá orin á di yàrá kọ̀ǹpútà. Olùkọ́ orin, tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀ láti ọdún mẹ́rìnlá, á lọ máa ṣọ́ ilé ìkàwé. Àlàyé tí wọ́n ṣe ò kún ìlà mẹ́ta: máàkì ìdánwò ń wálẹ̀, orin sì jẹ́ ohun ìgbádùn, tí òbí tó bá wù lè fi kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé.

Ohun ìgbádùn. Ọ̀rọ̀ méjì yìí ló gba oorun lójú mi. Nọ́ọ̀sì ni mí; wọ́ọ̀dù àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ jẹun. Ọmọ méjì ni mo ní nílé-ìwé yín, ọ̀kan ní kíláàsì kejì, ọ̀kan ní ìkarùn-ún. Ní gbogbo alẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo máa ń wà láàárín ẹgbẹ́ akọrin kan tí ohùn mi ò dára tó fún, ṣùgbọ́n tí wọn ò tíì lé mi. Nítorí náà, n kò gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí n kà á sí yín létí ní oókan-oókan.

1. Ẹ ò wo inú yàrá náà kí ẹ tó tì í

Mo lọ mú àwọn ọmọ mi lọ́jọ́ tí wọ́n kó ẹrù jáde. Dùùrù àtijọ́ yẹn ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ta ọ̀rá bò ó, wọ́n sì ti to àga lé e lórí. Àwọn fèrè oníke wà nínú àpò ìdọ̀tí dúdú kan tí wọn ò tiẹ̀ so lẹ́nu. Ọmọkùnrin kan láti kíláàsì ọmọ mi àgbà dúró síbẹ̀. Ó ká ọ̀rá náà sókè díẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀, ó ń tẹ ojú dùùrù kan ṣoṣo léraléra. Ojú yẹn ti kú tipẹ́, kì í dún. Ó mọ̀ pé kì í dún. Ó kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni.

Mo mọ ọmọ náà. Akólòlò ni. Bí olùkọ́ bá ní kó kàwé sókè, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ á há sí i lọ́fun, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín, òun náà á jókòó kó tó dé ìdajì. Ṣùgbọ́n ní yàrá orin, òun ló máa ń lé orin tí àwọn yòókù á sì gbè é. Kò kólòlò rí nínú orin. Ẹni tó bá ti bá akólòlò gbé mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń rí: ìlù orin á máa ti ọ̀rọ̀ síwájú, ohùn á máa fà títí ọ̀rọ̀ kan á fi so mọ́ èkejì, ẹnu ò ní ráyè há. Kì í ṣe ìwòsàn. Bó bá ti jáde síta, ó tún di akólòlò. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún ogójì ìṣẹ́jú, ohùn ọmọ yẹn ni gbogbo kíláàsì ń tẹ̀ lé. Ibo ló ti máa rí ìyẹn báyìí? Nínú ìṣirò?

2. Ẹ ní torí máàkì ni

Kí n tó bá yín jà lórí èyí, ẹ jẹ́ kí n ya ara mi sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó ń fi irọ́ gbèjà orin. Wọ́n á sọ fún yín pé bí ọmọ bá ti ń gbọ́ orin Mozart, olórin ilẹ̀ Yúróòpù àtijọ́ yẹn, ọpọlọ rẹ̀ á mú bí abẹ. Ẹ má gbà. Ní ọdún 1993, Frances Rauscher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kúkúrú kan jáde nínú Nature, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 36 ni wọ́n lò, kò sí ọmọdé kankan níbẹ̀. Wọ́n gbọ́ Mozart fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n sì ṣe dáadáa díẹ̀ sí i nínú ìdánwò tó ní kéèyàn fi ojú inú ká bébà, kó sì gé e. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ tí gbogbo rẹ̀ fi pòórá. Nígbà tó fi máa di 1998, ọ̀rọ̀ ti wú débi pé Zell Miller, gómìnà ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, ní kí ìjọba ya owó sọ́tọ̀ láti fi orin ta gbogbo ìyá ọlọ́mọ tuntun lọ́rẹ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló bí gbogbo èyí o.

Àwọn mìíràn á ní gbígbọ́ kọ́, kíkọ́ ni, pé ọmọ tó bá ń kọ́ orin á mọ ìṣirò. Èyí nípọn jùyẹn lọ. Ní 2004, Glenn Schellenberg ní Kánádà pín ọmọ ọdún mẹ́fà 144 sí ọ̀nà mẹ́rin. Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn tó kọ́ orin fi díẹ̀ ga ju àwọn tó kù lọ nínú ìdánwò làákàyè. Ṣùgbọ́n ní 2020, Giovanni Sala àti Fernand Gobet kó ìwádìí 54 jọ, tí àwọn ọmọ inú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 7,000. Wọ́n rí i pé bí a bá fi ọmọ tó kọ́ orin wé ọmọ tó kọ́ nǹkan mìíràn dípò orin, ìyàtọ̀ máàkì wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Mo gbà fún wọn. Orin ò ní bá ìṣirò ṣe iṣẹ́ ìṣirò.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ ní máàkì ń wálẹ̀. Ní kíláàsì wo? Láti ìgbà wo? Ẹ ò fi nọ́ńbà ẹyọ kan hàn wá. Ìwádìí tó ní orin ò fi kún máàkì ò sọ pé ó ń bù ú jẹ. Ohun tí mo rí nínú ìwé iṣẹ́ ọmọ mi àgbà ni pé olùkọ́ ìṣirò wọn yí padà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan. Àmì pupa mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà níbẹ̀, ìkọ̀wé mẹ́ta. Ìyẹn ò sí nínú lẹ́tà yín. Wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ̀yin tiẹ̀ lọ bẹ́ orí ẹni tí orí ò fọ́.

Kí ló sì dé tó jẹ́ orin nìkan là ń ní kó wá rojọ́? Kò sẹ́ni tó ní kí ìṣirò kọ́kọ́ fi hàn pé òun ń mú ohùn ọmọ dára kí wọ́n tó fún un láyè. Àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù àtijọ́ tó pín ìmọ̀ sí ọ̀nà méje, orin wà nínú méjèèje, ó sì jókòó ti ìṣirò, jiọ́mẹ́tírì àti ìmọ̀ ìràwọ̀. Kì í ṣe àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yà bá wa.

3. Ohun tí mo ń rí lẹ́nu iṣẹ́

Èyí ni mo bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ kà, bí ẹ bá tilẹ̀ fo ìyókù.

Ẹni tí rọpárọsẹ̀ bá kọlu apá òsì ọpọlọ rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ló máa ń rọ, ọ̀rọ̀ sì lè bá a lọ. Ó lè máa gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Ó lè mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ẹnu ni kò gbà. A gba bàbá kan sí wọ́ọ̀dù wa tó jẹ́ pé "bẹ́ẹ̀ni" nìkan ló ṣẹ́ kù sí wọn lẹ́nu. Ebi ń pa wọ́n, bẹ́ẹ̀ni. Ara ń ro wọ́n, bẹ́ẹ̀ni. Wọn ò fẹ́ oògùn, wọ́n á gbá a dànù, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ni. Ìyàwó wọn jókòó tì wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọn ò lè pe orúkọ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń pààrọ̀ aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì kejì, mo sì ń kọrin sínú, ọ̀kan nínú àwọn orin kéékèèké tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé ní ọjọ́ méje inú ọ̀sẹ̀. Mo dé Ọjọ́rú, ìrọ̀rí bọ́ lọ́wọ́ mi, mo dákẹ́ láti mú un. Ohùn kan gba orin náà lẹ́yìn mi: Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Àbámẹ́ta. Ó já geere. Mo yíjú padà. Bàbá ń wò mí, omi ti lé ròrò sójú wọn. Èmi tí mo ní ẹnu, n ò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Nígbà tí ìyàwó wọn dé, mo bi í pé níbo ni wọ́n ti mọ orin yẹn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní nílé-ìwé ni, ní kíláàsì kejì, pé títí dòní ni ọkọ òun ṣì ń sọ ìtàn olùkọ́ tó fi rúlà lu tábìlì kọ́ wọn.

Kíláàsì kejì. Kíláàsì tí ọmọ mi kékeré wà báyìí.

Iṣẹ́ ìyanu kọ́ lèyí. Ó ti pẹ́ tí ojú ti rí i. Ní 1745, Olof Dalin ní ilẹ̀ Sweden kọ nípa ọkùnrin kan tí apá ọ̀tún rẹ̀ rọ, tí kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tó ń kọ àwọn orin ìsìn kan ketekete bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, bí ẹnì kan bá ti bá a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ kíyè sí i: àwọn orin tó ti mọ̀ kí àìsàn tó dé ni. Ní 1973, Martin Albert, Robert Sparks àti Nancy Helm ní Boston sọ ọ́ di ìtọ́jú. Aláìsàn á fi ohùn méjì, tòkè àti tìsàlẹ̀, kọ gbólóhùn kúkúrú tó nílò lójoojúmọ́, ọwọ́ òsì rẹ̀ á sì máa lu tábìlì bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde. Bó bá ti ń mọ́ ọn lẹ́nu, wọ́n á máa yọ orin náà kúrò díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀rọ̀ á fi dá dúró. (Àwa tí èdè tiwa ń gòkè tó ń sọ̀ kálẹ̀ kó tó nítumọ̀, kò yẹ kí èyí ṣòro yé wa.) Gabrielle Giffords, aṣòfin Amẹ́ríkà tí wọ́n yìnbọn fún lórí ní oṣù January 2011, orin wà lára ohun tí wọ́n fi wá ọ̀rọ̀ padà sí i lẹ́nu.

Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an. Àwọn kan ní apá ọ̀tún ọpọlọ, tí àìsàn ò dé, ló ń gbé orin. Ní 2011, Benjamin Stahl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì ní ó jọ pé ìlù inú orin náà, àti pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti mọ́ ẹnu tẹ́lẹ̀, ló ń ṣe gudugudu náà ju ohùn fúnra rẹ̀ lọ. Lójú tèmi, èyí tẹ́yìn tún mú ọ̀rọ̀ yín nira sí i. Bó bá jẹ́ ohun tó ti mọ́ ẹnu láti ìgbà èwe la fi ń ran aláìsàn lọ́wọ́, a jẹ́ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti fi sí i lẹ́nu nígbà náà. N ò lè bu omi nínú ìkòkò tí ẹnikẹ́ni ò pọnmi sí.

Ní 1985, àìsàn jẹ ọpọlọ Clive Wearing, olórin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, débi pé kò lè rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn. Bó bá jókòó sídìí dùùrù, ó ṣì ń tẹ̀ ẹ́. Ó ṣì lè darí akọrin. Orúkọ ìyàwó rẹ̀ àti orin wà lára àwọn nǹkan tí àìsàn náà ò rí kó lọ.

Àwọn tó ní àrùn Parkinson náà wà, tí ẹsẹ̀ wọn máa ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ lójijì bí ẹni pé wọ́n kàn án níṣòó. Ní 1996, Michael Thaut àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn kan nínú wọn máa rìn tẹ̀ lé orin tí ìlù rẹ̀ dún ketekete, lójoojúmọ́, nílé ara wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyára ìrìn wọn fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé máa ń sọ fún mi nípa ìwádìí tí Joanne Loewy àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní 2013, pẹ̀lú ọmọ 272 ní ilé ìwòsàn 11: orin ìrẹmọ tí wọ́n ń kọ sí wọn létí mú kí ọkàn wọn lù wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì mú àníyàn àwọn òbí rọlẹ̀. Ó ní ohun tó ń ṣe òun láàánú jù ni ìyá tó bá dúró ti àpótí gíláàsì ọmọ rẹ̀, tí wọ́n ní kó kọrin, tó sì ń fi fóònù wá èyí tó máa kọ.

Bí ẹ bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé àbọ̀ jáde ní 2019 tó yẹ ìwádìí tó ju 3,000 lọ wò lórí iṣẹ́ ọnà àti ìlera. Ọ̀fẹ́ ni.

4. "Òbí tó bá wù"

Ẹ̀yin àgbà, ta ni kò wù? Mo ń ṣiṣẹ́ òru lọ́sẹ̀ kan, iṣẹ́ ọ̀sán lọ́sẹ̀ kejì. Aládùúgbò mi kan máa ń jáde kí ọmọ rẹ̀ tó jí, ó sì máa ń wọlé lẹ́yìn tí ọmọ ti sùn. Ìgbà wo ni ká kọ́ wọn ní orin? Àwọn tó lówó á háyà olùkọ́, ọmọ wọn ò ní pàdánù nǹkan kan. Mo mọ̀ pé méjì nínú yín ti ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́, n ò sì dá yín lẹ́bi, ohun tó dára lẹ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè máa pe ohun kan ní ìgbádùn lásán, kí ẹ sì máa sanwó rẹ̀ fún ọmọ tiyín. Bàbá tí mo sọ̀rọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan, wọn ò wá láti ilé olówó. Bí kì í bá ṣe ti olùkọ́ tó fi rúlà lu tábìlì, "bẹ́ẹ̀ni" nìkan là bá ṣì máa gbọ́.

Ẹ má sì sọ pé owó ni kò sí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, olùkọ́ kan ní ìlú Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Sarah Glover, fẹ́ kí àwọn ọmọdé lè ka orin láìkọ́kọ́ wọ igbó àmì orí ìlà márùn-ún. Ó fi lẹ́tà lásán kọ ọ́. John Curwen gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún un ṣe, ó sì tàn án kálẹ̀ láàárín àwọn tálákà. Òun ni d, r, m tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi kọ́ orin títí dòní. Pátákó àti ṣọ́ọ̀kì ló nílò. Ní 1950, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ ní Kecskemét ní Hungary, ìlú tí wọ́n ti bí Zoltán Kodály, olórin tó ja fún kíkọ́ ọmọdé lórin, níbi tí àwọn ọmọ ti ń kọrin lójoojúmọ́ ìwé. Ọ̀fun àwọn ọmọ fúnra wọn ni Kodály ní kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohun èlò kankan. Gbogbo ọmọ ilé-ìwé yín ló ń gbé irú ohun èlò yẹn wá láràárọ̀, ẹ kì í sanwó ọkọ̀ rẹ̀.

5. Àwa tó kù ńkọ́?

Èyí ò ní gùn. Nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, n ò mọ orúkọ bàbá obìnrin tó ń dúró lápá ọ̀tún mi. N ò mọ ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí inú mi má dùn bí mo bá mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tó ti ń mí nínú orin, torí ibẹ̀ lèmi náà ti ń mí. Eiluned Pearce, Jacques Launay àti Robin Dunbar ní Oxford tẹ̀ lé irú nǹkan báyìí fún oṣù méje, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2015. Wọ́n fi àwọn àgbàlagbà tó ń kọ́ orin kíkọ wé àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ìwé kíkọ. Nígbà tí oṣù méje fi pé, gbogbo wọn ló ti mọwọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n àwọn akọrin ló yára sún mọ́ ara wọn jù. Ó jẹ́ bí ẹni pé wọ́n rí ọ̀nà àbùjá. Àwọn ará Estonia, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní Yúróòpù, tiẹ̀ fi tiwọn ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: láti 1869 ni wọ́n ti ń pé jọ fún àjọ̀dún orin, nígbà tí wọ́n sì ń gba òmìnira wọn padà láàárín 1987 sí 1991, orin ni wọ́n fi dojú kọ ìjọba Soviet.

Nílé-ìwé tiwa, ìpàdé òbí tó kẹ́yìn, ẹni mẹ́sàn-án la wá. Ọjọ́ orin ìparí ọdún, àga ò tó. Mo rí bàbá méjì tí wọn kì í kí ara wọn tí wọ́n jọ pín bẹ́ǹṣì kan.

Ọ̀rọ̀ òfin náà tún wà níbẹ̀. Àdéhùn Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 1989, ní abala 31, sọ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ láti kópa ní kíkún nínú àṣà àti iṣẹ́ ọnà. Ẹ̀tọ́ ni wọ́n pè é. Wọn ò pè é ní ìgbádùn.

6. Ibi tí mo ti gbà fún yín

Ẹ̀kọ́ orin tí ẹ lé yìí ò pé pérépéré. Sáà kan wà tó jẹ́ pé orúkọ àwọn olórin tó ti kú àti ọdún tí wọ́n bí wọn ni ọmọ mi àgbà kàn ń dà kọ sínú ìwé. Wọn ò la ẹnu lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn kì í ṣe orin, mo sì sọ fún olùkọ́ náà nígbà yẹn. Ó gbọ́, ó sì yí i padà. Kíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá orin ń ráhùn ariwo, òótọ́ ni. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ẹ gbé wá lọ́jọ́ ìparí ọdún náà ń dun etí. Ohùn tó bá ti kọjá desibẹ́lì 85 (desibẹ́lì la fi ń wọn ariwo) fún wákàtí mẹ́jọ lè ba etí jẹ́, tiyín sì ga ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, bí wákàtí rẹ̀ ò tiẹ̀ pọ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí ló ní àtúnṣe. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní kí ẹ ti yàrá pa.

Ohun tí mo ń béèrè nìyí

Èkíní, kí ẹ gbé máàkì ọdún mẹ́ta sẹ́yìn síta fún gbogbo òbí, kíláàsì kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú iye ìgbà tí olùkọ́ yí padà.

Èkejì, kí ó kéré tán ogójì ìṣẹ́jú orin kan padà sí ọ̀sẹ̀ gbogbo kíláàsì láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó ń bọ̀. Ẹ lè mú ọ̀kan tó kù fún ìṣirò títí ẹ ó fi rí olùkọ́ tó máa dúró. N ò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n mo lè gbà á.

Ẹ̀kẹta, kí olùkọ́ orin padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ilé ìkàwé náà nílò ẹni tó mọ iṣẹ́ ìkàwé.

Ẹ̀kẹrin, bí yàrá náà bá gbọ́dọ̀ di ti kọ̀ǹpútà, ẹ sọ yàrá tí orin máa lò. Abẹ́ igi náà dára, bí òjò ò bá rọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, kí ẹ pe àwa òbí àti àwọn olùkọ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí irú ìpinnu báyìí mọ́.

Ẹ̀kẹfà, kí ẹ gbé àga kúrò lórí dùùrù yẹn lónìí. Ìyẹn ò nílò ìpàdé.

Mo gbọ́ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀ lẹ máa jókòó. Mo ti gba àyè níbi iṣẹ́ fún ọjọ́ náà. Bí ẹ bá ní àga kan fún mi nínú yàrá ìpàdé, mo dúpẹ́. Bí kò bá sí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ máa bá mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù, bóyá pẹ̀lú ọmọkùnrin yẹn.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,

Ìyá ọmọ méjì, kíláàsì kejì àti ìkarùn-ún